Ọjọ́ Mẹ́sàn-án Tó Wà Lẹ́yìn Ìwé

Èmi ni mo máa ń kọ ìwé gbèdéke fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti jẹ́ akọ̀wé ẹ̀ka wa, n kò sì mọ iye tí mo ti kọ mọ́. Gbogbo wọn jọra. A ó kí ọ̀gá àgbà, a ó sọ ohun tí a fẹ́, a ó fún wọn ní ọjọ́ mẹ́rìnlá, a ó sì fi kún un pé bí ọjọ́ náà bá pé tí a kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dára, apá wa lè má ká àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mọ́. Gbólóhùn yẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ pé sítíráìkì ni à ń wí. A kì í dárúkọ rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ ìjọba ni ibi tí mo ń sọ yìí. N kò ní sọ èwo nínú wọn, nítorí mo ṣì ń gba owó oṣù níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ ni a ń bójú tó. Fìdítì ni mo ń gbé, oko mi wà lọ́nà Ìlọrà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ náà sì ní oko. Owó oṣù nìkan kò bọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa rí.

Ohun tó ti sú mi nínú ọ̀rọ̀ gbèdéke ni pé tàwa tàwọn ọ̀gá ló mọ bí yóò ṣe lọ. Ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́, àwọn ọ̀gá kò ní fọhùn. Ní ọjọ́ kọkànlá wọn yóò ní kí a wá jókòó. A ó jókòó. Ó dà bí ẹni tó ń ná aṣọ lọ́jà tó wá ṣe bí ẹni pé òun ń lọ. Kì í ṣe lílọ rẹ̀ ló ń mú ọlọ́jà dín owó kù fún un, bí kò ṣe pé ọlọ́jà gbà pé yóò lọ lóòótọ́. Bí ọlọ́jà bá ti mọ̀ pé kò níbòmíràn tí yóò ti rí i rà, kó rìn dé Ọ̀yọ́, ẹnikẹ́ni kò ní pè é padà.

Ìyàwó mi kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà rárá nígbà ayé rẹ̀. Ọdún kan wà tí a fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan jókòó sílé, owó aṣọ tó ń rán ni a fi jẹun. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ̀ ń halẹ̀ mọ́ ọ̀gá, ìkòkò tèmi ni ara rẹ̀ ń gbọ̀n." Ó ti di ọdún mẹ́fà báyìí tó ti kú. Nígbà tí wọ́n bá ń pariwo ní ìpàdé, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo máa ń gbọ́.

N kò tètè lọ sílé ìwé. Mo ti ń kọ ebè fún bàbá mi kí n tó mọ lẹ́tà kan. Mo ti pé ọdún mẹ́tàlá kí n tó wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ Onítẹ̀bọmi, àwọn tí a jọ jókòó kò ga ju ìgbọ̀nwọ́ mi lọ. Ìwé kan ni bàbá mi máa ń rà fún mi ní sáà kan, ó ní kí n lò ó tinú tẹ̀yìn. Títí di òní, n kì í lè wo ẹ̀yìn bébà lófìfo kí n fi í sílẹ̀. Mo máa ń kọ nǹkan sí i. Ìyẹn ló kó wa sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àìpẹ́ yìí.

Owó oṣù tuntun ni à ń bèèrè. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ti ń gbà á, tiwa kò tíì bẹ̀rẹ̀. A ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti oṣù karùn-ún. Gbogbo wa la fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí oṣù karùn-ún náà gan-an ṣe pàtàkì sí ju owó lọ. Màmá tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì wa ni. Opó ni, ó fi bí ọdún mẹ́rin jù mí lọ, ìparí oṣù karùn-ún ni yóò sì fẹ̀yìn tì. Owó oṣù tí òṣìṣẹ́ bá gbà kẹ́yìn ni wọ́n fi ń ṣírò owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Bí owó tuntun bá bẹ̀rẹ̀ kó tó lọ, òun náà wà nínú rẹ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn rẹ̀, ti àtijọ́ ni yóò gbé lọ sílé. Ó ti bẹ̀rẹ̀ yàrá méjì sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní Ìlọrà, nítorí àwọn ọmọ ìyáálé rẹ̀ ti ń fẹ́ kó kúrò nínú ilé ọkọ. Ògiri ti dé òkè fèrèsé. Owó ìfẹ̀yìntì náà ló máa fi kan òrùlé.

Inú ilé jẹnẹrétọ̀ la ti ṣe ìpàdé, nítorí òjò. Alága wa, ọkùnrin kan tí kò tíì ju ọmọ ogójì ọdún àti díẹ̀ lọ, tí ohùn rẹ̀ máa ń lọ sókè, dúró lórí àpótí.

"Ẹ̀yin ará, òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí a bá máa ṣe é, àsìkò rẹ̀ nìyí. Ẹni tó bá wà lóko kò ní rántí pé òun kò lọ síbi iṣẹ́."

Awakọ̀ ilé iṣẹ́ ní, "Òótọ́ ni. Èyí tí a ṣe nínú ọ̀gbẹlẹ̀ lọ́jọ́sí ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ti ń yá gààrí lọ́wọ́ àna mi."

Ẹnì kan bi í pé, "Ṣé o ti dá a padà?"

"Ìwọ lo rán mi sí i tí o fi ń bi mí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Màmá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú àwọn agbálẹ̀ yòókù. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní oko. Àwa ńkọ́? Ṣé ìgbálẹ̀ ni ká máa gbìn?"

Alága ní, "Màmá, a ó wá kọ ebè fún yín lẹ́yìn ilé. Ẹ sáà se àsáró dè wá."

"Ẹ̀yìn ilé mi! Adìẹ méjì ò lè pàdé níbẹ̀ kí ọ̀kan má padà sẹ́yìn."

Ẹ̀rín tún sọ. Nígbà tó rọlẹ̀, Màmá yíjú sí mi.

"Akọ̀wé, ṣé owó yìí á bẹ̀rẹ̀ kí n tó lọ?"

Mo ní, "Ohun tí a kọ nìyẹn, Màmá. Láti oṣù karùn-ún."

"Kì í ṣe ohun tí ẹ kọ ni mo bèèrè."

Alága ló dá a lóhùn pé yóò bẹ̀rẹ̀, kó lọ fọkàn balẹ̀.

Lẹ́yìn ìpàdé, àwa mẹ́sàn-án tí oko wa sún mọ́ra dúró sẹ́yìn. A ní bí sítíráìkì bá bẹ̀rẹ̀, a ó ṣe àáró: gbogbo wa yóò kó ọkọ́ lọ sí oko ẹnì kan lóòjọ́, a ó bá a kọ ebè rẹ̀, títí yóò fi kárí. Mo ti mú ìwé gbèdéke ẹ̀dà méjì dání. Ọ̀kan jẹ́ ti àwọn ọ̀gá, ọ̀kan jẹ́ tiwa. Mo yí tiwa padà, mo kọ ètò àáró náà sẹ́yìn rẹ̀, oko mẹ́sàn-án, ọjọ́ mẹ́sàn-án, láti ọjọ́ Ajé tí gbèdéke bá pé. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ sí i pé kí oníkálukú mú ọkọ́ tirẹ̀ wá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo kó ẹ̀dà méjèèjì lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé akọ̀wé ọ̀gá yóò tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọ̀kan, yóò dá a padà fún wa láti fi hàn pé wọ́n ti gbà á, yóò sì mú èkejì wọlé. Ó tẹ òǹtẹ̀ mọ́ èyí tó wà lókè. Mo gbà á, mo fi sínú fáìlì, mo bá tèmi lọ. N kò yí i wò.

Ọjọ́ kẹrin péré ni wọ́n pè wá.

Inú alága dùn débi pé kò lè jókòó. "Ọjọ́ kẹrin! Ẹ̀gbọ́n, ṣé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí?"

Mo ní kò ṣẹlẹ̀ rí.

"Ẹ̀rù ti bà wọ́n nìyẹn. Ìwé tí ẹ kọ lọ́tẹ̀ yìí, ó ta."

Àwa márùn-ún la wọlé: alága, awakọ̀, ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, obìnrin kan láti ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń sanwó, àti èmi. Ọ̀gá àgbà jókòó ní òdìkejì tábìlì. Ẹgbẹ́ mi ni lọ́jọ́ orí, ọmọ àgbẹ̀ ni bíi tèmi, àfi pé òun tètè lọ sílé ìwé. Ó fún wa ní omi inú ọ̀rá, ó bèèrè àwọn ará ilé, ó sì jẹ́ kí alága sọ̀rọ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Alága parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí: "Ọ̀gá, kì í ṣe pé àwa fẹ́ ṣe é. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni ara wọn ń gbóná."

"Mo gbọ́. Ọjọ́ mélòó lẹ lè fi wà nílé?"

"Títí a ó fi gba ẹ̀tọ́ wa. Kó di ọdún!"

"Kó di ọdún," ni ọ̀gá wí. Ó ṣí fáìlì iwájú rẹ̀. "Èmi rò pé ọjọ́ mẹ́sàn-án ni."

Ó yí ìwé wa padà, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. "Ọjọ́ Ajé, oko alága. Kí oníkálukú mú ọkọ́ tirẹ̀ wá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oko awakọ̀." Ó gbójú sókè. "Awakọ̀, oko tìrẹ yìí, ṣé èyí tó wà létí odò náà ni?"

Awakọ̀ ní, "Òun ni, sà."

"Ọjọ́ kan ò lè tó o. Ẹ fún un ní méjì."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín àfi òun. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Mo tilẹ̀ rò pé ì bá sàn fún mi bó bá jẹ́ ẹ̀rín ìkà.

Ó bọ́ awò náà kalẹ̀. "Bàbá tèmi náà ṣe àáró. N kò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ebè yóò parí. Ọjọ́ kẹwàá ńkọ́? Iṣu tí ẹ bá gbìn báyìí, ìgbà wo lẹ máa wà á? N kò sì ní san owó ọjọ́ tí ẹ fi kọ ebè. Ọjọ́ kẹwàá tí ẹ bá ń padà bọ̀, kí lẹ fẹ́ bá mi sọ nígbà yẹn?"

Ọ̀gá wá wò mí.

"Akọ̀wé, ṣé ọwọ́ yín nìyí?"

"Ọwọ́ mi ni."

"Ọwọ́ yín mọ́. Mo gbádùn rẹ̀."

Ó wá sọ ohun tí wọ́n lè ṣe. Ọ̀nà méjì ni. Bí a bá fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún bí a ti kọ ọ́, ìdajì àfikún náà ni wọn yóò san, ó sì parí síbẹ̀. Bí a bá fẹ́ gbogbo àfikún, ó di oṣù keje. Ó ní kí a jáde lọ rò ó, kí a má pẹ́.

A dúró sábẹ́ táńkì omi tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì. Omi ń jò láti ìdí rẹ̀, a fi ń yẹ ẹsẹ̀.

Alága ní, "Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yìn ìwé gbèdéke!"

Mo ní, "Mo mọ̀."

"Gbogbo ibi tí bébà wà láyé!"

Awakọ̀ ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ó ti ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ èyí tó wà nílẹ̀."

Obìnrin ọ́fíìsì ìsanwó ní ká mú ti oṣù karùn-ún. "Màmá ńkọ́? A ti ṣèlérí fún wọn. Ìdajì náà sàn fún wọn ju òfo lọ."

Alága ní, "Ẹnì kan ni Màmá. Àwa tó kù ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ìdajì tí a bá gbà lónìí, òun náà la ó máa gbà. Ṣé ẹ rò pé bí a bá tún kọ gbèdéke lọ́dún tó ń bọ̀, ọkùnrin yìí á gbọ̀n? Ó ti mọ gígùn okùn wa."

Ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn tọ́. N kò lè sọ pé kò tọ́. Kí ó tó di ọjọ́ náà, wọn kò mọ bí a ti lè dúró pẹ́ tó, àìmọ̀ wọn ni ó sì ń ṣiṣẹ́ fún wa láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Àwa fúnra wa kò mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì kà á láti ọ̀kan dé mẹ́sàn-án.

Ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe wà lẹ́yìn alága. Awakọ̀ wà lẹ́yìn obìnrin náà, èyí sì yà mí lẹ́nu. Ó wá ku èmi. Wọ́n ń wò mí. Mo rántí Màmá àti ìbéèrè rẹ̀ ní ilé jẹnẹrétọ̀. Mo tún ronú pé èmi tí mo ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́ fún gbogbo wọn, n kò lójú láti tún gba ìdajì owó lọ́wọ́ wọn. N kò mọ èwo nínú méjèèjì ló wúwo jù, bóyá òótọ́ ọ̀rọ̀ alága ni tàbí ìtìjú mi. Mo gbé ọwọ́ sókè fún oṣù keje.

Alága ló sọ àbájáde fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ó ní àwọn ọ̀gá kọ oṣù karùn-ún jálẹ̀, ṣùgbọ́n a gba gbogbo àfikún náà pé. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kò sọ pé ọ̀nà méjì ni wọ́n fi lọ̀ wá. Kò sì sọ nǹkan kan nípa ẹ̀yìn ìwé. Bí a ṣe ń jáde, ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti tán níbẹ̀." Èmi ló ń bò láṣìírí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

A ṣe àáró náà, ní ọjọ́ Sátidé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní oko mi, wọ́n kọ ebè dé ìdí igi ìyá tó wà ní ìpẹ̀kun oko. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ Màmá.

Màmá ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò bi mí ní nǹkan kan. Nígbà tí oṣù karùn-ún ku ọ̀sẹ̀ kan kó parí, ó wá bá mi pé kí n bá òun kọ ìwé ìfẹ̀yìntì òun. Mo kọ ọ́, ó tẹ ìka mọ́ ọn, ó kí mi, ó ní Ọlọ́run yóò bá mi tọ́ àwọn ọmọ mi. Mo lọ sílé. N kò lè jẹun.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí àwọn èèyàn ti wọ ọkọ̀ Fìdítì àti ti Ọ̀yọ́ lọ, mo bá a níbi tó ti ń nu fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mo ní, "Màmá, kì í ṣe ọ̀gá ló kọ oṣù karùn-ún."

Kò dáwọ́ dúró. Mo sọ ọ́ tán fún un: ọ̀nà méjì tí wọ́n fi lọ̀ wá, ẹ̀yìn ìwé, bí a ṣe pín sí méjì-méjì, ọwọ́ mi. Kò gùn. N kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Ó fún aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

"Akọ̀wé, láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣépè fún ọ̀gá. Bí mo bá jí, bí mo bá fẹ́ sùn. Mo ti lo gbogbo èyí tí mo mọ̀."

Mo ní, "Mo gbọ́."

"Ta ni kí n wá kó o fún báyìí?"

"Èmi ni ó tọ́ sí, Màmá."

"Ẹ̀yin?" Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ẹ̀yin tí ìyàwó yín ti kú, kí ló kù lára yín tí èpè á rí mú?"

N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

"Kí ló dé tí ẹ wá sọ fún mi? Èmi ti ń sùn."

"N kò fẹ́ kí ẹ lọ láìmọ̀."

"Mímọ̀ kì í ṣe páànù."

Ó mú aṣọ rẹ̀, ó ṣí lọ sí fèrèsé tó kàn. Mo dúró síbi tí mo wà. Ó sọ̀rọ̀ láìyíjú padà.

"Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn tẹ̀lé mi."

Mo gbé e. Fèrèsé mẹ́fà ló kù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Mo ń gbé omi tẹ̀lé e láti ọ̀kan dé èkejì, ó ń nu, ó ń fún aṣọ, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé èyí tó kẹ́yìn.